Kùkúmbà Lórí Ilẹ̀ tí Bàbá Fi Pamọ́

Gbogbo àgbàlá ilé tí mo gbé ní Mafoluku ni wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bò, àfi ibì kan lẹ́yìn kíṣìnì. Ibẹ̀ kò tóbi. Ó gùn ju ènìyàn lọ díẹ̀, ó sì fẹ̀ tó ẹni méjì tó bá dùbúlẹ̀ tira. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni sàréè ìyàwó Bàbá onílé wà, tí wọ́n fi táìlì funfun bò. Bàbá fi àyè náà sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbé ilé náà ló mọ̀. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀, èmi náà ni mo sì lọ tọrọ ibẹ̀ láti gbin kùkúmbà.

Ará Kétu ni mí, Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn bọ́dà. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Òṣòdì, wọ́n á bi mí pé ṣé Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojota ni. Màá ní rárá. Màá ní ìlú aládé ni, pé ó ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà bọ́dà sáàárín wa. Wọ́n á ní, "Ẹ ẹ̀ wá tètè sọ pé Kútọnu lẹ ti wá." Mi ò gbé Kútọnu rí, mo kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé mi ò bí ọmọ tí wọn ì bá fi orúkọ rẹ̀ pè mí, Ìyá Kútọnu ni orúkọ tó kù tí wọ́n rí pè mí, òun náà ni mo sì ń jẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí nípa Èkó ni pé mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mi ni mò ń bọ̀. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni wá. Nílé, bàbá mi máa ń sọ pé ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lódìkejì bọ́dà ni ìyekan wa. Ìyekan wa yìí ni mo ń fojú sọ́nà fún. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń ta omi ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé. Ó tẹ́tí sí mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó wá gbọ́, ó sì ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, torí mo rò pé kò gbọ́ ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gé ọ̀rọ̀ mi kúrú. Wọ́n ní mo dákẹ́ jù, pé ará Kútọnu kì í sọ̀rọ̀. Nílé wa, èmi ni wọ́n máa ń ní kó dákẹ́.

Mo kàwé dé kíláàsì tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní èdè Faransé. Mo gbé ìwé ẹ̀rí mi lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Àjàó Estate, níbi tí àwọn tí bàálù já kulẹ̀ máa ń sùn mọ́jú. Mánéjà wo iwájú rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó sì bi mí pé ṣé mo lè lọ aṣọ. Mo ní mo lè lọ̀ ọ́. Yàrá ìfọṣọ ni mo wà láti ìgbà náà. Mo mọ ẹni tó sun oorun ire àti ẹni tó ń yíra lórí ibùsùn, ara bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wọn ni mo ti ń mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò mọ ojú ẹnì kankan nínú wọn.

Tí mo bá pe ìyá mi lórí fóònù, a máa ń kí ara wa tán, yóò bi mí pé ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, lẹ́yìn náà yóò bi mí ní ìbéèrè tó máa ń bí mi nínú: "Kí lo gbìn síbẹ̀?" Àgbẹ̀ ni. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá dé ìlú kan tí kò gbin nǹkan kan síbẹ̀, àlejò ni, bó ti wù kó pẹ́ tó. Màá ní, "Ìyá, kò sí ilẹ̀ níbí." Ó dá mi lójú pé kò gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Kí wá ni ẹ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń rò nígbà tí àlejò kan gbàgbé páálí irúgbìn kùkúmbà sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Kò sẹ́ni tó padà wá béèrè rẹ̀. Mánéjà ní kí n jù ú nù. Mo fi sínú báàgì mi, mo sì lọ bá Bàbá onílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, níbi tó jókòó sí lórí àga rẹ̀ níwájú ilé. Ìyá Sọ́díq, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ní Bọ́ládé, wà nítòsí, ó ń to ọjà rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn kíṣìnì yẹn, mo fẹ́ fi gbin nǹkan ni."

Ìyá Sọ́díq gbé ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá Kútọnu, ẹ dákẹ́ o," ló wí.

Bàbá fọwọ́ dá a dúró. Ó bi mí pé ṣé mo mọ ohun tí ibẹ̀ wà fún. Mo ní mo rò pé wọ́n fi í sílẹ̀ fún omi òjò ni, kó lè rí ibi wọlẹ̀ sí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Èmi ni omi náà," ló wí. "Èmi ni mò ń bọ̀ wá wọlẹ̀ síbẹ̀."

Mo ní kí ilẹ̀ lanu. Nílé wa náà, inú ilé la máa ń sin òkú sí, ṣùgbọ́n inú yàrá ni, abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń sùn lé. A kì í dá àyè sí níta fún ẹni tó ṣì wà láàyè. Mo tọrọ àforíjì, mo sáré wọlé, mi ò sì fẹ́ jáde mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá kan ilẹ̀kùn mi, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní, "Gbìn ín. Ilẹ̀ tó bá ń ṣòfò ni ikú máa ń tètè rí. Tó bá dé tó bá ewé níbẹ̀, á rò pé ẹlòmíì ti gba àyè." Ó fẹ́ lọ, ó tún dúró. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá kú, hú u kúrò kí àwọn ọmọ mi tó dé. Ẹ̀gbẹ́ ìyá wọn ni mo fẹ́ sùn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá nǹkan míì níbẹ̀."

Mo ṣèlérí fún un.

Ẹ̀gúsí ni mo mọ̀ ní Kétu. Bí ewé kùkúmbà ṣe yọ, mo rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, mo sì ṣe é bí ìyá mi ṣe ń ṣe ẹ̀gúsí: mo jẹ́ kó máa rákò lọ síbi tó wù ú. Ó rákò kan ògiri, ó gun orí táìlì sàréè Màmá, ìyàwó Bàbá. Ó so. Mo fi í sílẹ̀, mo ń dúró kí ìtàkùn gbẹ, torí bí a ṣe ń mọ̀ pé bàrà ẹ̀gúsí ti gbó nìyẹn. Èyí tó fara kan ilẹ̀ tútù rà. Èyí tí kò rà wú, ó pọ́n bí ọsàn. Bàbá bi mí pé ìgbà wo la máa jẹ ẹ́. Mo ní ó kù díẹ̀, ìtàkùn kò tíì gbẹ. Ó wò mí.

"Kùkúmbà lo gbìn ni, àbí ẹ̀gúsí?"

Mo la ọ̀kan. Kóró inú rẹ̀ ti le bí èékánná, omi rẹ̀ sì kan. Ìyá Sọ́díq ròyìn rẹ̀ ká gbogbo àdúgbò. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tó bá ti rí mi, á ní, "Ìyá Kútọnu, ẹ pè wá o tẹ́ ẹ bá fẹ́ bó kóró kùkúmbà yín, ká wá ràn yín lọ́wọ́." Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí mo dé inú yàrá, mo sunkún, kì í ṣe nítorí kùkúmbà. Ó dà bíi pé ohun kan ṣoṣo tí mo gbé wá láti ilé, tó dá mi lójú pé mo mọ̀, kò wúlò níbí náà.

Mo tún un gbìn. Mo ri igi ọparun mọ́lẹ̀, mo ta okùn láti ara ògiri kíṣìnì dé ara fẹ́ǹsì, mo sì ń fa ìtàkùn lé e bó ṣe ń gùn. Ó yọ òdòdó púpọ̀, kò so. Mo wò ó títí mo fi rí i pé oríṣi òdòdó méjì ni: akọ dúró lórí ọ̀pá tínrín, abo ní kùkúmbà kékeré lẹ́yìn, bí ìka ọmọ ọwọ́. Kòkòrò oyin ni ó yẹ kó máa gbé àtíkè inú òdòdó láti ara ọ̀kan lọ sí ara èkejì, ṣùgbọ́n bàálù ni ó ń fò kọjá lórí òrùlé wa, mi ò rí oyin. Nítorí náà, ní àràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń já òdòdó akọ, màá fi kan àárín abo. Ìyá Sọ́díq rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é. "Ẹ ti di alárinà," ló wí.

Ó so. Ó so dáadáa, ó rọ̀ lọ́rùn okùn ní tútù yọ̀yọ̀. Mo já wọn nígbà tí ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ṣì wà lára wọn. Mo fẹ́ pín in fún gbogbo ilé, kò sẹ́ni tó gbà á. Wọ́n ní àwọn kò lè jẹ ohun tó hù lórí sàréè.

"Ta ló wà nínú rẹ̀?" ni mo bi Ìyá Sọ́díq. "Bàbá ló jókòó sórí àga yẹn."

"Màmá ńkọ́? Gbòǹgbò mọ táìlì ni?"

Ṣùgbọ́n Bàbá jẹ ẹ́. Ó ń fi iyọ̀ àti ata gbígbẹ jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, á sì pe èmi náà kí n wá jókòó. Ó sọ fún mi bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe wá láti ìlú wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bí wọ́n ṣe fọwọ́ ara wọn mọ búlọ́ọ̀kù ilé náà, àti bí Màmá ṣe sọ nígbà tí àìsàn ń ṣe é pé kí wọ́n má da sìmẹ́ńtì sí ẹ̀gbẹ́ òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Yẹ́misí, tó ń gbé ní Àjàó Estate, máa ń wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ náà, ó fi fóònù ya fọ́tò Bàbá láàárín ewé, tí Bàbá di kùkúmbà mú lọ́wọ́ méjèèjì, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí wọn. Àwọn ọmọ Bàbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fèsì pé Dádì ti di àgbẹ̀.

Èmi náà pe ìyá mi. Mo ní, "Kùkúmbà ni mo gbìn."

Ó bi mí pé ṣé jíjẹ ni. Mo ní jíjẹ ni. Ó ní kí n bá òun kí onílẹ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń bá ẹni tó ti délé sọ̀rọ̀.

Ìyá mi kú kí òjò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. A sin ín sínú yàrá rẹ̀. Mo padà sí Èkó. Kò pẹ́ tí àbúrò mi ọkùnrin fi pè mí pé wọ́n ti pín ilé, pé òun ló ni yàrá Ìyá, òun sì fẹ́ tún un kọ́. Mo bi í pé apá tèmi ńkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ti di ará Èkó," ló wí. "Ẹ ó ti ra ilẹ̀ síbẹ̀."

Mo bi í pé tí mo bá kú, ibo ni wọ́n máa gbé mi sí. Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n kú. Ọlọ́run tó jẹ́ kí ìyá wa kú.

Mo ti rò ó títí. Ní Èkó, ará Kútọnu ni mí. Ní Kétu, ará Èkó ni mí. Àwọn méjèèjì fi orúkọ ibòmíràn pè mí kí wọ́n má bàa fún mi ní àyè lọ́dọ̀ tiwọn. Ènìyàn lè fara da kí wọ́n má mọ ibi tó ti wá. Èyí tó le ni kí ó má mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá, kò tù mí nínú bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe. Ó kàn ní, "Èmi mọ tèmi. Òun ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn." Inú mi bàjẹ́ nígbà náà. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tó bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, mo máa ń gé kùkúmbà wẹ́wẹ́ gbé wọlé fún un. Ó máa ń jẹ ẹyọ kan, á fi ìyókù sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú. "Má gbàgbé," ló wí. Mo ní mi ò ní gbàgbé.

Àárọ̀ ni ó kú. Àwọn ará ilé ń sunkún, wọ́n ń pe Àǹtí Yẹ́misí lórí fóònù. Mo lọ sẹ́yìn kíṣìnì. Ìtàkùn náà kò tíì dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Òdòdó tó là ní àárọ̀ ọjọ́ náà kún ara rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hú u. Mo fa okùn já, mo fa ọparun tu. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyá Sọ́díq ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kó ewé àti èso sínú àpò. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀ náà títí tí ó fi mọ́ bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí mọ́tò Àǹtí Yẹ́misí dé, kò sí ewé kan níbẹ̀.

Àwọn ẹbí jókòó ní pálọ̀ Bàbá. Àbúrò Bàbá ti dé láti ìlú wọn, pásítọ̀ ìjọ wọn wà níbẹ̀, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wà lórí fóònù. Èmi ni mò ń gbé omi fún wọn. Mo gbọ́ pé wọ́n ti rí àyè sí ìtẹ́ òkú kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ibi tó mọ́, tó jẹ́ ti ìgbàlódé. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ilé, àti pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ra ilé tí sàréè tuntun wà nínú rẹ̀. Àbúrò Bàbá ní, "Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n mi ti fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀."

Àǹtí Yẹ́misí gbé fóònù rẹ̀ jáde.

"Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n sin òun síbì kan, ṣé ó máa jẹ́ kí wọ́n gbin kùkúmbà síbẹ̀, kó tún máa jẹ ẹ́? Dádì ti yí ọkàn padà tipẹ́. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ ọ́."

Fóònù náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bàbá ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ewé tí mo fa lórí okùn yí i ká. Mo rí i pé àwọn tó ń wò ó gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni ọmọ náà ń pa. Bóyá ó gbà á gbọ́. Ó sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo gbé abọ́ omi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Èmi ni mo tọrọ ilẹ̀ náà, kì í ṣe Bàbá ló fi fún kùkúmbà. Ó ní kí n hú u lọ́jọ́ tí òun bá kú. Ó ní ẹ̀gbẹ́ Màmá ni òun fẹ́ sùn. Mo ti hú u. Ẹ lọ wò ó."

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Ìyá Kútọnu, ẹ ṣeun. Ẹ tọ́jú Dádì wa, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹbí lèyí."

Àbúrò Bàbá ń wò mí, bí ẹni tó fẹ́ gbà mí gbọ́. "Níbo lẹ ti wá gan-an?" ló bi mí.

"Kétu ni, sà."

"Kétu Ojota?"

Mi ò lókun láti ṣàlàyé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé abọ́ mi, mo jáde.

Wọ́n sin ín sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Èmi náà lọ, mo jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn ará ìjọ. Ibẹ̀ dára lóòótọ́. Wọ́n gé koríko rẹ̀ dọ́gba, nọ́ńbà wà lórí sàréè kọ̀ọ̀kan. Àjèjì ni ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Apá òsì ṣì ṣófo. Ẹni tó bá kú tó bá sì lówó ni wọ́n máa tẹ́ síbẹ̀.

Wọ́n ta ilé náà. Wọ́n fún àwa ayálégbé ní àsìkò láti kó jáde. Ìyá Sọ́díq rí yàrá sí Ìsọlọ̀, ó sì ní kí n wá máa gbé ọ̀dọ̀ òun títí màá fi rí tèmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa kó lọ, mo ti di ẹrù mi tán, mo lọ sẹ́yìn kíṣìnì. Wọ́n ti kó àga Bàbá lọ, wọ́n ti kó aṣọ rẹ̀, wọ́n ti já fọ́tò ara ògiri. Pásítọ̀ ti gbàdúrà láti yàrá dé yàrá. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo táìlì funfun yẹn, ó sì sọ sí mi lọ́kàn pé nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó wá sẹ́yìn wá sọ fún Màmá.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ kúulé o." Mo sọ fún un pé Bàbá ti kú, pé kì í ṣe pé ó pẹ́ níbì kan, kí ó má dúró dè é mọ́. Mo sọ ibi tí wọ́n sin ín sí, mo sì ṣàlàyé ọ̀nà náà fún un bí mo ṣe rí i láti inú bọ́ọ̀sì, láti Òṣòdì títí dé géètì ibẹ̀, apá ibi tí èèyàn máa yà sí, àti nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Mo sọ ti kùkúmbà náà. Mo sọ fún un pé ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn.

Ìyá Sọ́díq ń pè mí láti iwájú ilé pé àwọn tó máa gbé ẹrù ti dé. Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò ní orúnkún mi. Èmi lẹ́sẹ̀ tí mo fi lè kó lọ. Màmá ló kù nínú ilé náà. Ẹni tó rà á ni yóò sọ ibi tí wọn yóò gbé e sí.